Obì Wo Ni A Ó Gbé Síwájú Àlejò?

Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 1975, orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péjọ sí Èkó, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó bí àjọ ECOWAS. Ọ̀gágun Yakubu Gowon ni onílé. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Adédèjì, wà lára àwọn tí ó fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó jọ. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí ọjà máa ti ìlú dé ìlú láìsí ìdènà.

Ẹ̀yin olùkàwé, irú èrò yìí kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ṣàgámù fúnra rẹ̀, ìpàdé ìlú púpọ̀ ni. Ní 1872 ni àwọn ìlú Rẹ́mọ kan fi ohùn ṣọ̀kan láti jọ máa gbé, síbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn di ọba tirẹ̀ mú. Obì ni ó sì mú àlejò wá bá wọn. Gbàǹja, tí àwọn Hausa ń pè ní góòrò, kì í ṣe igi ilẹ̀ wa látilẹ̀wá. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kó o wá sí Èkó láti ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Àwọn àgbẹ̀ wa gbìn ín, ọkọ̀ ojú irin sì so Èkó mọ́ Kánò ní 1912, bẹ́ẹ̀ ni obì Rẹ́mọ ṣe di ọjà òkè Ọya, tí àwọn oníṣòwò Hausa sì tẹ̀dó sí Sábó ní Ṣàgámù.

Iṣẹ́ ń bẹ nínú obì. Wọ́n á bó o, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè bọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á jẹ́ kí ó làágùn, kí wọ́n tó kó o sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé tútù tẹ́. Èyí tí a kò tọ́jú báyìí, kòkòrò á ti jẹ ẹ́ kí ó tó dé Kánò.

Ṣùgbọ́n gbàǹja tí à ń tà yìí kọ́ ni à ń fi ṣe orò. Awẹ́ méjì péré ni ó ní. Àbàtà, tí ó máa ń ní awẹ́ mẹ́rin, ni àgbà ń gbà lọ́wọ́ onílé, tí ó ń gbàdúrà sí, tí ó ń pa, tí ó sì ń pín kárí. Mo ti rí i níbi ìpàdé ńlá kan tí wọ́n to gbàǹja sórí àwo fàdákà síwájú àwọn àlejò òkèèrè, tí ẹnikẹ́ni kò sọ ohun tí ó wà fún. Àlejò kan bù ú jẹ, ó yára tu ú sínú aṣọ ìnujú. Ojú tì mí.

Àìṣàlàyé àṣà fún àlejò lè ju ìtìjú lọ. Ní oṣù Keje ọdún 1999, ní àkókò Orò ní Ṣàgámù, wọ́n pa obìnrin Hausa kan tí wọ́n ní ó jáde nígbà tí kò yẹ kí obìnrin jáde. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí ṣòfò, iná jó ilé. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹ̀san ti bẹ̀rẹ̀ ní Kánò, ìlú tí obì wa ń lọ. Èmi kò rò pé orò kankan tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ pa àlejò. Bí a bá sì ní èèwọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu onílé ni kí ó ti kọ́kọ́ dé etí àlejò, kí ó tó di ọ̀rọ̀ idà.

Èkó tún gba àwọn olórí Áfíríkà lálejò ní oṣù Kẹrin ọdún 1980 fún ìpàdé lórí ọrọ̀-ajé, Àbújá sì ti gba púpọ̀ láti ìgbà náà. Ìlù àti ijó ni a sábà máa ń kó síwájú wọn, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á lọ. Èmi ì bá fẹ́ kí a pe àgbà kan láti Ṣàgámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́, kí ó pa àbàtà lójú wọn, kí ògbufọ̀ sì máa túmọ̀ àdúrà náà ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí, kí a gbé gbàǹja fún àwọn ará Níjẹ̀r àti Màlì, tí orílẹ̀-èdè wọn jáde nínú ECOWAS ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025. Àwọn kò ní tu ú sínú aṣọ ìnujú.