Ìṣàn-Òkun, Ẹja àti Ẹyẹ ní Erékùṣù Røst

Røst ni orúkọ ọ̀wọ́ erékùṣù kéékèèké kan ní ìpẹ̀kun Lofoten, ní etíkun orílẹ̀-èdè Nọ́wè. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ tó nǹkan bí 500. Ibi tí wọ́n ń gbé tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì jìnnà sí àríwá ayé tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn kì í fi í yọ rárá fún ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nígbà òtútù. Síbẹ̀, òkun ibẹ̀ kì í dì. Láti lè ṣàlàyé ìdí èyí ní èdè Yorùbá, ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀.

1. Ìgbì àti ìṣàn-òkun

Ìgbì ni omi tí ń ru sókè tí ó sì ń rọ̀ sílẹ̀; agbára ni ó ń rìn jìnnà, omi fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Ìṣàn-òkun yàtọ̀: omi gan-an ni ó ń ti ibì kan lọ sí ibòmíràn, bí odò láàárín òkun. Irú ìṣàn bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá láti gúúsù dé Røst. Nítorí náà, ìwọ̀n ìgbóná afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ kì í sábà jìnnà sí òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius.

2. Ìfatẹ́gùngbẹ

Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé oṣù Igbe ni ẹja kọ́ọ̀dù máa ń ti òkun Barents wá yé ẹyin ní àyíká Lofoten. Àwọn apẹja a gé orí rẹ̀, wọn a kó ìfun rẹ̀ jáde, wọn a so ó ní méjì-méjì ní ìrù, wọn a sì fi í kọ́ sórí àgbékà igi. Wọn kì í yan án, wọn kì í fi iyọ̀ sí i. Atẹ́gùn ni ó ń fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná jù, ẹja yóò rà, eṣinṣin yóò sì kùn ún. Bí ó bá tutù jù, omi inú ẹran yóò di yìnyín, yóò sì fa ẹran ya. Nítorí pé yíyan àti sísá kò bá iṣẹ́ yìí mu, a lè pè é ní ìfatẹ́gùngbẹ: fi, atẹ́gùn àti gbẹ ni a so pọ̀, tí a sì fi ì- bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ Pietro Querini, oníṣòwò ará Venice, rì, Røst ni àwọn tí ó yè gúnlẹ̀ sí ní 1432. Ẹja gbígbẹ ni wọ́n bá níbẹ̀. Lónìí, Ítálì ni ọ̀pọ̀ èyí tí ó dára jùlọ ń lọ, orí rẹ̀ gbígbẹ sì ń wá sí Nàìjíríà. Òun ni àwọn Ìgbò ń pè ní okporoko, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pè ní panla. Ṣùgbọ́n ẹja mìíràn náà ń jẹ́ panla lọ́jà. Nítorí náà, kọ́ọ̀dù ni ó yẹ kí ìwé sáyẹ́ǹsì pe ẹja náà nígbà tí ó wà láàyè.

3. Ẹyẹ lunde

Ohun tí ó bá ojú ló bá imú. Ìṣàn-òkun kan náà ni ó ń gbé ọmọ ẹja ṣáwá wẹ́wẹ́ kọjá lẹ́bàá Røst nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹyẹ kan tí àwọn ará Nọ́wè ń pè ní lunde gbẹ́ ihò sí àwọn erékùṣù olókè ibẹ̀; ẹyin kan ṣoṣo ni ó ń yé lọ́dún, ọmọ ṣáwá sì ni ó fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, a pa ṣáwá ní àpajù títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ebi sì pa ọmọ lunde kú lọ́dọọdún. Ṣáwá àgbà tún pọ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún ọmọ rẹ̀ kì í tó dé ọ̀dọ̀ ẹyẹ. Ní 1979, tọkọtaya lunde tí ó wà ní Røst lé ní 1,000,000. Iye wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pe ìṣàn-òkun ní ìgbì kò lè mọ ìdí tí Røst fi lọ́wọ́ọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè mọ ìdí tí ihò ẹyẹ fi ń ṣófo.