Omi ò lọ́tàá: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó dáná sí ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń lo ooru omi

Ní Kirkissoye, àdúgbò kan létí Odò Ọya ní ìlú Niamey, orílẹ̀-èdè Niger, omi tó pọ̀ jù ni àwọn èèyàn ń bẹ̀rù. Lọ́dún 2020, odò náà kún àkúnya, ó ya wọ ilé àti oko ìrẹsì.

Àmọ́ fún ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú irin tó ń lo ooru omi, omi tó kéré jù ni ewu.

Ọdún 2014 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ibùdókọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ ní Niamey, nígbà tí ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì ti gbapò ooru omi tipẹ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ooru omi ló gbé ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901.

Lónìí, àwọn tó fẹ́ràn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà máa ń ṣe kékeré rẹ̀. Iná gidi ló ń jó nínú rẹ̀, omi gidi ló sì ń hó.

Kí ló mú kó léwu?

Bí omi bá di ooru níta gbangba, ó máa ń fẹ̀ ju ìlọ́po 1,600 lọ. Nínú ìkòkò tí wọ́n dé pa, kò ríbi fẹ̀ sí. Agbára yẹn ló ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Omi yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí irin tí iná ń jó lábẹ́ rẹ̀ gbóná kọjá ààlà. Bí omi bá fà sílẹ̀, irin á rọ̀, ooru á sì fà á ya.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, l'Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹfà ọdún 1995. Omi ọkọ̀ ojú irin ńlá kan tó kó èrò fà sílẹ̀ jù, ooru ya jáde, ó sì jó òṣìṣẹ́ mẹ́ta.

Ohun márùn-ún tó yẹ kí ẹ ṣe

1. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ yẹ ìkòkò náà wò. Ní Ìlú Ọba, omi tútù ni wọ́n fi ń dán ìkòkò tuntun wò, ní ìlọ́po méjì agbára tí yóò máa lò. Bó bá ya, omi á kàn jò ni, kò ní bú gbàmù.

2. Ẹ máa wo gíláàsì tó ń fi ìwọ̀n omi hàn nígbà gbogbo. Ẹ ṣí ẹnu rẹ̀ kí omi fẹ́ jáde díẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé ìdọ̀tí ò dí i.

3. Bí ẹ kò bá rí omi nínú gíláàsì mọ́, ẹ má ṣe rọ omi tútù sí i. Ẹ pa iná, kí ẹ sì sún sẹ́yìn títí yóò fi tutù.

4. Ẹ má ṣe so fáàfù tó ń tú ooru tó bá pọ̀ jù sílẹ̀, ẹ má sì fún un mọ́lẹ̀. Bó bá ń pariwo, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

5. Bó bá jẹ́ gáàsì lẹ ń lò, ibi tí iná ò sí ni kí ẹ ti rọ ọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn, ẹ má sì fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí iná bá ṣì ń jó.

Yorùbá ní omi ò lọ́tàá. Ní Kirkissoye, wọ́n ń ṣọ́ odò kó má baà kún. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ yìí ń ṣọ́ gíláàsì kí omi má baà tán.