Ebi Kì Í Ṣe Wọ̀bìà Nígbà Gbogbo: Họ́mọ̀nù Oúnjẹ àti Àìsàn PCOS

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ rántí Hánà nínú ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, orí kìíní. Ó ń tú ọkàn rẹ̀ jáde níwájú Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ọtí ni Élì àlùfáà rò pé ó mu. Àṣìṣe Élì kò tíì tán láàrin wa. Arábìnrin kan lè máa sanra, kí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ṣe ségesège, kí irun hù ní àgbọ̀n rẹ̀, kí ó sì máa wójú Olúwa fún ọmọ. Kí ó tó la ẹnu, àwọn kan á ti ní wọ̀bìà ni, pé kí ó gbààwẹ̀ sí i.

Ní Ẹdẹ wa yìí, tí Redeemer's University, Adeleke University àti Federal Polytechnic wà, ọ̀dọ́bìnrin pọ̀ nínú àwọn ìjọ wa. Ó yẹ kí a mọ ohun tí àwọn oníṣègùn ti rí.

Polycystic ovary syndrome ni orúkọ àìsàn náà, PCOS ni wọ́n ń pè é ní ìkékúrú. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ó wà lára obìnrin 10 sí 13 nínú 100 tí ó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ̀. Ẹyin wọn kì í gbó, kí ó sì jáde déédéé. Họ́mọ̀nù ọkùnrin, tí gbogbo obìnrin ní díẹ̀, a sì máa pọ̀ jù.

Họ́mọ̀nù dà bí ìránṣẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri. Bí ikùn bá ṣófo, yóò rán ghrelin, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan ṣàwárí ní 1999, sí ọpọlọ pé ebi dé. Bí a bá jẹun tán, ó yẹ kí ìránṣẹ́ yìí dákẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìwádìí kan fi hàn pé kì í dákẹ́ tó bí ó ti yẹ lára àwọn kan tí ó ní PCOS. Ọ̀rá ara náà ń rán leptin, tí a ṣàwárí ní 1994, láti sọ pé oúnjẹ wà ní ìpamọ́. Bí ọ̀rá bá pọ̀ jù, ọpọlọ kì í fetí sí i dáadáa mọ́. Èsì ìwádìí lórí méjèèjì kò tíì ṣọ̀kan. Ti insulin ni ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù.

Insulin ni ó ń ṣílẹ̀kùn ara fún ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ aláìsàn yìí, ilẹ̀kùn náà ń ṣagídí, ara a sì pèsè insulin púpọ̀ sí i. Àpọ̀jù yìí ń ti ilé ẹyin láti ṣe họ́mọ̀nù ọkùnrin lápọ̀jù, ó sì ń mú ọ̀rá kó jọ. Ọ̀rá náà tún ń fi kún agídí ọ̀hún. Síbẹ̀, ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ lè ní in.

Kí ni ṣíṣe? Kí arábìnrin náà lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn UNIOSUN ní Òṣogbo kò jìnnà sí wa. Rírìn kánmọ́kánmọ́, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ lọ́pọ̀, àti dídín ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti búrẹ́dì kù ń ṣèrànwọ́. Oògùn bíi metformin wà, ọ̀pọ̀ sì ń lóyún lẹ́yìn ìtọ́jú. Ẹni tí ó ń lo oògùn ṣúgà gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ léèrè kí ó tó gbààwẹ̀.

Ẹ̀yin àlùfáà àti ìyá ìjọ, ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n léèrè kí a tó dá wọn lẹ́jọ́. Nígbà tí Élì gbọ́ àlàyé Hánà, ó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ó sì súre fún un. Kí Olúwa fún àwa náà ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Àmín.