Ìdàpọ̀ ilé-iṣẹ́: ohun tó yẹ kí ọlọ́jà Computer Village mọ̀ kí FCCPC tó béèrè

Ẹni tó bá ń ta fóònù méje lóòjọ́ ní Òtígbà, ní Computer Village, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 250 náírà, á ti ta ọjà tó lé ní 500 mílíọ̀nù náírà kí ọdún tó yí po. Èrè orí rẹ̀ lè má ju táṣẹ́rẹ́ lọ, àmọ́ òfin ò wo èrè. Iye ọjà tó tà ló ń wò.

Lọ́dún 2019, FCCPC, àjọ tó ń rí sí ìdíje nínú òwò àti ẹ̀tọ́ oníbàárà, kéde ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan òun. Bí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ rà bá ta ọjà 500 mílíọ̀nù náírà lọ́dún ìṣirò tó kọjá, tàbí tí ọjà òun àti ti ẹni tó ń rà á bá jọ tó bílíọ̀nù kan, wọ́n gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kí wọ́n tó dà pọ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò mọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́lá nìkan.

SEC, àjọ tó ń rí sí ọjà ìpín ìdókòwò, ló ń mójú tó irú nǹkan báyìí tẹ́lẹ̀. Abẹ́ òfin àtijọ́ ni ilé-iṣẹ́ Zinox ti ra Konga, ilé ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́dún 2018, tó sì dà á pọ̀ mọ́ Yudala. Òfin tuntun wá gbé iṣẹ́ náà fún FCCPC. Ní Ìkẹjà níbí, lójú ọ̀nà Ọba Akran, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ Guinness ṣe pẹ́ tó: oṣù kẹfà ọdún 2024 ni ilé-iṣẹ́ Tolaram kéde pé òun fẹ́ ra ìpín 58.02% tí Diageo ní níbẹ̀, òpin oṣù kẹsàn-án ni ọ̀rọ̀ tó parí.

Òfin fún àjọ náà ní 60 ọjọ́ iṣẹ́ láti yẹ ìdàpọ̀ ńlá, ìyẹn èyí tó tó iye tí a sọ lókè, wò, ó sì lè fi tó 120 kún un. Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú àdéhùn pé òun á san gbogbo owó lópin oṣù ti ko ara rẹ̀ síṣòro. Kí àṣẹ tó dé, kálukú ní láti máa ta ọjà tirẹ̀: ẹ má jọ dá iye kan lé ọjà, ẹ má pààrọ̀ orúkọ àwọn oníbàárà. Ìtanràn ẹni tó bá kánjú lè tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ọjà tó tà lọ́dún.

Ìbéèrè wo ni wọn yóò bi yín gan-an? Ká ní àwọn méjì tó ń kó skríìnì fóònù wọlé fẹ́ di ọ̀kan. Àjọ náà kò ní kọ́kọ́ béèrè bí ṣọ́ọ̀bù wọn ṣe tóbi tó. Á béèrè pé bí wọ́n bá fi ẹgbẹ̀rún méjì lé owó skríìnì, ibo ni àwọn tó ń tún fóònù ṣe lè yà sí? Bí ẹni márùn-ún mìíràn bá ń kó irú rẹ̀ wọlé, ara á tu àwọn méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ àwọn méjì yìí nìkan ló kù, àlàyé á pọ̀. Àjọ náà yóò sì gbọ́ tẹnu àwọn oníbàárà àti àwọn tí ẹ jọ ń du ọjà. Òfin tún ní kí wọ́n wo iṣẹ́ tó lè bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àti ipa tó máa ní lórí àwọn oníṣòwò kéékèèké.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù jù fún àwọn èèyàn wa ni WhatsApp. Bí lọ́yà bá kọ ọ́ pé ẹ fẹ́ dà pọ̀ kí ọjà lè dínwó, tí ọ̀gá ti sọ nínú ohùn tó fi ránṣẹ́ pé "a máa gba ọjà yẹn pátápátá", èwo ni kí àjọ gbà gbọ́? Ẹyin lohùn. Ẹ má sì pa á rẹ́ nígbà tí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn burú jù.

Fífi ìwé pamọ́ náà ò dára. Nígbà tí àjọ tó ń rí sí ìdíje ní ìlú Ọba ń wádìí bí Meta ṣe ra Giphy, ó bu owó ìtanràn £50.5 mílíọ̀nù lé e lọ́dún 2021 nítorí pé kò fún un ní ìròyìn tó béèrè. Meta padà ta Giphy náà.

Bí FCCPC bá kọ̀, ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wà ní ìgbìmọ̀ tí òfin náà dá sílẹ̀. Àmọ́ ó sàn kí ẹ tọ àjọ náà lọ fún ìjíròrò kí ẹ tó kọ̀wé rárá, òfin gbà bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí akáúńtáǹtì ro gbogbo ọjà tí ẹ̀yin méjèèjì tà lọ́dún tó kọjá.