Ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò náà ló ń tún un ṣe: Ẹ ṣọ́ owó yín nídìí MOT

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá oníṣòwò kan ṣe àpẹẹrẹ. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé, bọ́ọ̀sì akẹ́rù kan ló sì fi ń pín iṣu, gàrí àti epo pupa fáwọn oníbàárà rẹ̀. Ọ̀la ni ìwé MOT ọkọ̀ náà máa parí, ló bá gbé e lọ sí gáréèjì láàárọ̀. Kò pẹ́ tí fóònù rẹ̀ fi dún, wọ́n ní ọkọ̀ náà kò yege, wọ́n ní bíréèkì, ṣọ́ọ̀kì àti táyà méjì ló máa gbà, £600 sì ni gbogbo rẹ̀. Ìyá yìí mọ̀ pé kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n pààrọ̀ bíréèkì yẹn. Ṣùgbọ́n ọjà ti wà nílẹ̀, àwọn oníbàárà ń retí, kò sì ní ọkọ̀ mìíràn. Kí ló máa ṣe ju kó sanwó lọ?

Ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó ń ṣòwò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé tẹ́ ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò tó ń fi ọkọ̀ jẹun lọ́hùn-ún, ẹ bá wa gé ìwé ìròyìn yìí ránṣẹ́ sí wọn.

Ọdún 1960 nìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò MOT, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọkọ̀ ṣì yẹ lójú títì. Nígbà náà, ọkọ̀ tó ti lo ọdún 10 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún 3 gbọ́dọ̀ máa ṣe é lọ́dọọdún. Ẹni tí wọ́n bá mú láìní ìwé náà lè san owó ìtanràn tó tó £1,000.

Ìjọba ti fi gbèdéke sí owó àyẹ̀wò yìí. Kò gbọ́dọ̀ ju £54.85 lọ fún mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ àti bọ́ọ̀sì akẹ́rù kékeré, kò sì gbọ́dọ̀ ju £58.60 lọ fún ọkọ̀ akẹ́rù tó wà láàárín kílò 3,000 sí 3,500. Àwọn gáréèjì kan tiẹ̀ máa ń gba iye tó dín sí i kí èrò lè wá. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gáréèjì aládàáni ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àyẹ̀wò náà, àwọn kan náà ló sì ń tún ọkọ̀ ṣe. Ẹni tó ń wo aláìsàn náà ló ń ta oògùn. Owó àyẹ̀wò ní òdiwọ̀n, owó àtúnṣe kò ní.

A kò sọ pé olè ni gbogbo wọn o. Àwọn tó ń fi òótọ́ inú ṣiṣẹ́ pọ̀, àjọ ìjọba tó ń jẹ́ DVSA ló sì ń fún wọn níwèé àṣẹ, ó sì lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣe màgòmágó. Ṣùgbọ́n ẹ wo Northern Ireland: ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń yẹ ọkọ̀ wò níbẹ̀, kì í tún un ṣe, kò sì sí èrè kankan fún un bí ọkọ̀ kò bá yege.

Kí wá ni oníṣòwò máa ṣe? Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ tó kẹ́yìn. Òfin gbà kẹ́ ẹ ṣe MOT nígbà tó bá ku oṣù kan dín ọjọ́ kan kí ti tẹ́lẹ̀ parí, ọjọ́ tí tuntun máa parí lọ́dún tó ń bọ̀ kò sì ní yí padà. Bí ọkọ̀ kò bá yege, tí ìwé àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, tí wọn kò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àléébù náà léwu, ẹ lè gbé ọkọ̀ yín kúrò níbẹ̀ lọ béèrè iye tí ẹlòmíràn máa gbà, bí ọkọ̀ náà bá ṣáà ti dára tó láti rìn lójú títì. Ẹni tó bá lè gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ ló lè ná ọjà. Ìyá tá a fi ṣe àpẹẹrẹ kò lè ná an, torí pé ọ̀la ti dé tán.

Ìkejì, ẹ ka ìwé tí wọ́n bá fún yín dáadáa. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni wọ́n ti ń pín àléébù sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó léwu, èyí tó ńlá àti èyí tó kéré. Méjì àkọ́kọ́ nìkan ló ń mú kí ọkọ̀ má yege. Èyí tó kéré, àti èyí tí wọ́n kàn fi gbà yín nímọ̀ràn, kò ní kẹ́ ẹ má gba ìwé yín. Bákan náà, MOT kì í wo bí ẹ́ńjìnnì, kílọ́ọ̀ṣì tàbí jíà ṣe rí. Ẹni tó bá ní torí kílọ́ọ̀ṣì lọkọ̀ yín kò ṣe yege, ẹ bi í dáadáa.

Ìkẹta, ẹ wá ibi tí wọn kì í ti í tún ọkọ̀ ṣe. Àwọn kánsù kan ní ibùdó àyẹ̀wò tiwọn fún ọkọ̀ iṣẹ́ wọn, gbogbo èèyàn ló sì lè lò ó. Ọ̀pọ̀ irú ibùdó bẹ́ẹ̀ kì í gbaṣẹ́ àtúnṣe lọ́wọ́ ará ìta.

Ìkẹrin, bí ẹ bá gbà pé wọ́n rẹ́ yín jẹ, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ohun tí wọ́n ní ó bà jẹ́. Ẹ ní ọjọ́ iṣẹ́ 14 láti kọ̀wé sí DVSA lórí fọ́ọ̀mù VT17, wọ́n á sì fún yín lọ́jọ́ láti tún ọkọ̀ náà yẹ̀ wò. Ẹ máa kọ́kọ́ san owó àyẹ̀wò kíkún, ṣùgbọ́n bí ẹ bá jàre, wọ́n lè dá gbogbo rẹ̀ tàbí díẹ̀ nínú rẹ̀ padà. Ẹ tún lè fi nọ́ńbà ọkọ̀ yín wo àbájáde MOT rẹ̀ àtẹ̀yìnwá lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba. Bó bá jẹ́ pé gbogbo nǹkan dára lọ́dún tó kọjá, tí ọkọ̀ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ rìn, ìbéèrè ti wà nílẹ̀ nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀ lọ rárá, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín: gbogbo iná, fèrè, wáípà àti omi rẹ̀, bẹ́líìtì, àti ojú táyà, tí kò gbọ́dọ̀ dín ní mìlímítà 1.6 fún mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹ má ṣe fi gílóòbù tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan fún ẹnikẹ́ni láǹfààní láti máa wá ohun mìíràn kiri.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé náà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yín kọ́. Mẹkáníìkì tó sọ pé pààtì ti bà jẹ́, tó tún ní kẹ́ ẹ kó owó wá kóun lọ rà á ní Ládípọ̀, ibi kan náà ló jókòó sí pẹ̀lú gáréèjì Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ gba pààtì àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ tiẹ̀ ni gáréèjì, ẹ fi pààtì náà han oníbàárà kó tó béèrè. Oníbàárà tó bá fojú ara rẹ̀ rí i, ọ̀dọ̀ yín náà ló máa padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.