Ìnájà Lórí Àlòkù

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún àyẹ̀wò lónìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ rí: báwo ni ẹni tí ó ń ta àlòkù ṣe lè bá oníbàárà tí ó ń ná ọjà lò? Olùkọ́ tí a gbé lọ sí ìlú mìíràn, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó parí ẹ̀kọ́ ní Oǹdó, a máa ta ibùsùn, fáànù, sítóòfù àti àga rẹ̀ kí ó tó lọ. Bí kò bá mọ ọgbọ́n ọjà, owó pọ́ọ́kú ni yóò gbà lórí ohun tí ó fi làágùn rà.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ìnájà kì í ṣe ìwọ̀sí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, iye tí ọlọ́jà kọ́kọ́ dá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kì í ṣe òpin rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlòkù tún yàtọ̀ sí ọjà tuntun. Ọlọ́jà mọ àrùn tí ó ń ṣe ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ rà á kò mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1970, George Akerlof, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ní Amẹ́ríkà, kọ àròkọ kan tí ó fi ọjà ọkọ̀ àlòkù ṣe àpẹẹrẹ. Ó ṣàlàyé pé bí oníbàárà kò bá lè dá ọkọ̀ rere mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó ní àbùkù, kò ní fẹ́ san owó ọkọ̀ rere fún èyíkéyìí nínú wọn. Àwọn tí ọkọ̀ wọn dára yóò wá kó tiwọn kúrò lọ́jà, àwọn èyí tí kò dára ni yóò ṣẹ́ kù. Akerlof wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2001.

Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ wa ni pé oníbàárà tí ó já owó sí ìdajì lè má jẹ́ ọ̀kánjúwà. Ẹ̀rù àbùkù tí kò rí ni ó ń bà á. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń san owó tí ó pọ̀ jù lórí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ju èyí tí a ti lò nílé lọ: wọ́n gbà pé èyí tí ó ti òkè òkun bọ̀ kò tíì jìyà púpọ̀.

Nítorí náà, kí ọlọ́jà tó dá iye lé ọjà, kí ó wádìí iye tí irú rẹ̀ ń tà, kí ó sì mọ jálẹ̀ rẹ̀. Bí jálẹ̀ fíríìjì kan bá jẹ́ N100,000, ó lè dá N120,000 lé e. Bí ó bá dá N200,000, oníbàárà lè lọ láìná an rárá. Lẹ́yìn èyí, kí ó tan ẹ̀rọ náà lójú oníbàárà, kí ó sì fúnra rẹ̀ sọ àléébù rẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tí ó dáàbò bo oníbàárà pàápàá sọ pé ẹni tí ó bá ń ta ọjà tí a tún ṣe gbọ́dọ̀ fi hàn gbangba pé a ti tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà ṣe pàtàkì. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ bí ọ̀dọ́mọbìnrin kan ṣe lè bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀:

“Àbúrò, owó kò sí lóde. Gba N60,000.”

“Ẹ̀gbọ́n, kò pé mi. Ẹ wò ó bí ó ti ń dì. Ilẹ̀kùn rẹ̀ nìkan ni kò pa dé dáadáa, mo sì ti yọ èyí kúrò nínú owó.”

“Ó dára, N90,000.”

“Ẹ ṣeun, sà. Ẹ fi kún un. Bí ẹ bá máa san owó lọ́wọ́, tí ẹ sì máa gbé e lónìí, ẹ mú N105,000 wá.”

Kò tàbùkù àgbà, kò sì fi owó sílẹ̀ lásán. Ẹ̀dínwó tí ó ṣe, ó gba nǹkan dípò rẹ̀: owó lọ́wọ́ àti gbígbé ọjà lọ lójú ẹsẹ̀. Kò sì sọ pé ọ̀la ni òun ń lọ, nítorí ìkánjú ni ó máa ń ba owó ọjà jẹ́. Ẹni tí ó bá mọ ọjọ́ ìrìn-àjò rẹ̀, kí ó tètè bẹ̀rẹ̀ sí í tà.

Bí oníbàárà bá jẹ́ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ ńkọ́? Bí a bá fẹ́ ta á lọ́rẹ, kí a ta á lọ́rẹ pẹ̀lú ọ̀yàyà. Bí títà ni, kí a sọ iye rẹ̀ ní tààrà, kí ìbínú má baà kẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ mìíràn ń bẹ tí àwa náà yóò jẹ́ oníbàárà. Bí a bá rí i pé ìṣòro ni ó mú ẹni kan kó ohun ìní rẹ̀ jáde, kí a má fi ìnájà gba oúnjẹ ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì nínú àpò. Ọjà tí ó sì pé ẹni méjèèjì ni ó máa ń mú wọn tún pàdé.