Oògùn Tí Ó Mọ Ojú Àrùn: Iṣẹ́ Ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Durosinmi ní Ifẹ̀

Bí wọ́n bá ka orúkọ àwọn ìwé tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti kọ sí etí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. Wọ́n á ní ìgbéga ni bàbá ń wá. Èmi náà rín irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo jókòó sí ibi tí ẹ jókòó sí lónìí. Àìsàn kan tí ó wọ ilé wa ní Òkè-Aró, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, ní ọdún 2010 ni ó pa ẹ̀rín náà mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń sin ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀. Ẹni ọdún 34 ni nígbà náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù, ó ń làágùn lóru, ìhà òsì ikùn rẹ̀ sì wú, ó le gbandi. Ilé ìwòsàn kékeré kan tọ́jú ibà fún un fún oṣù mẹ́ta. Àwọn ará ilé ní àfiṣe ni. Ìgbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò dáadáa ni a tó mọ̀ pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni, irú èyí tí àwọn dókítà ń pè ní chronic myeloid leukaemia. Wọ́n ní kí a máa gbé e lọ sí Ifẹ̀.

Kí ló wà ní Ifẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1960, Peter Nowell àti David Hungerford ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí pé nínú sẹ́ẹ̀lì àwọn tí ó ní àrùn yìí, ọ̀kan nínú àwọn fọ́nrán tí ó gbé àbùdá wa, èyí tí à ń pè ní kromosóòmù, kúrú ju bí ó ti yẹ lọ. Ní 1973, Janet Rowley ní Chicago fi hàn pé èyí tí ó gé kúrò kò sọnù: kromosóòmù kẹsàn-án àti ìkejìlélógún ni ó já, tí wọ́n sì ṣe pàṣípààrọ̀. Níbi tí wọ́n ti so pọ̀ lódì yìí ni àṣẹ òdì ti ń jáde, tí sẹ́ẹ̀lì funfun fi ń pọ̀ sí i láìdáwọ́dúró. Oògùn imatinib, tí wọ́n ń tà ní Glivec, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2001, ẹnu àṣẹ yẹn gan-an ni ó ń dí.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá wa jù mí lọ. Nígbà tí ibà ẹlẹ́dẹ̀ jà ní Òkè-Aró ní 2020, tí a ń pa ti aláìsàn pọ̀ mọ́ ti alára líle, ó ní, “Ìyá, báyìí ni àwọn oògùn àtijọ́ ṣe máa ń ṣe. Tèmi yìí, ẹlẹ́dẹ̀ tí ó ṣẹ̀ nìkan ni ó ń mú.”

Oògùn yìí wọ́n kọjá agbára mẹ̀kúnnù. Ní 2003 ni ilé-iṣẹ́ Novartis àti Max Foundation bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ta àwọn aláìsàn lọ́rẹ ní Nàìjíríà, Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ sì ni ojúkò rẹ̀ nígbà náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Durosinmi, onímọ̀ nípa àrùn ẹ̀jẹ̀, ni ó ṣíwájú. Kò pín oògùn kí ó sì dákẹ́. Ní 2008, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé jáde lórí ènìyàn 98 tí ó lo oògùn náà ní Ifẹ̀ láàárín August 2003 sí August 2007: ọkùnrin 56, obìnrin 42. Ẹni tí ó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 11, àgbà wọn jẹ́ ẹni ọdún 65.

Ọjọ́ orí tí ó pín wọn sí méjì ọgbọọgba ni 36. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ orí yìí lé ní 60. Ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bímọ, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé, ni àrùn yìí ń mú lọ́dọ̀ tiwa. Ta ni ìbá mọ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá kà wọ́n, kí ó sì kọ ọ́? Ẹ̀gbọ́n mi kò sí lára 98 yẹn, ṣùgbọ́n nítorí wọn ni dókítà ṣe lè wo ojú rẹ̀ kí ó sì sọ pé, “Ẹ fọkàn balẹ̀, a ti lò ó fún ènìyàn yín.”

Ọ̀fẹ́ ni oògùn. Ọ̀nà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ní ìdájí la ó ti jáde ní Òkè-Aró, a ó kọjá Ìbàfò àti Mọ́wé, ó di Ìbàdàn, kí a tó forí lé Ifẹ̀. A máa ń bá àwọn tí ó ti Òkè Ọya wá níbẹ̀, tí wọ́n ti sùn sọ́nà. Ojoojúmọ́ sì ni a gbọ́dọ̀ lo oògùn náà; bí a bá ń pa á jẹ, àrùn lè wá ọ̀nà mìíràn gbà. Ní January 2012, nígbà ìyanṣẹ́lódì owó epo, kò sí mọ́tò. Oògùn tán nílé. Nígbà tí a fi dé Ifẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun ti tún gòkè. Oṣù mélòó kan ni ó gbà kí ó tó wálẹ̀.

Mo tẹ ìwé 2008 náà fún un. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ le fún un, ṣùgbọ́n ó fi ìka wá ibi tí wọ́n kọ iye ènìyàn àti ọjọ́ orí wọn sí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó gbójú sókè, ó ní, “Àbúrò, ọmọ ọdún mọ́kànlá yìí ńkọ́? Ta ni ó ń mú un wá sí Ifẹ̀?”